Ẹni tí Ń Tọ́jú Ètò Kọ̀ǹpútà fún Gbogbo Ayé

Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ wa kò lè dá ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ti kọ ohun tí yóò máa ṣe sílẹ̀ fún un, ní ẹsẹẹsẹ. Ohun tí a kọ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ètò. Ẹni tí ó kọ ètò lè tì í pa mọ́, kí ó máa tà á. Ó sì lè ṣí i sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni kà á, kí ó lò ó, kí ó tún un ṣe, láìsan kọ́bọ̀. Irú èyí tí a ṣí sílẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin kan, Daniel Stenberg, ará Swídìn ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní 1996 ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá òun mú iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó wá láti inú íntánẹ́ẹ̀tì. Ó rí ètò kékeré kan tí ọmọ Brasil kan ti kọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tún un ṣe. Ní 1998 ó sọ ọ́ ní curl. Iṣẹ́ curl kò ju ti ọmọ tí a rán níṣẹ́ lọ: a ní kí ó lọ mú nǹkan wá, ó lọ, ó mú un dé. Ṣùgbọ́n lónìí ó wà nínú ọ̀kẹ́ àìmọye fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti mọ́tò. Ó ṣeé ṣe kí ó wà nínú tiyín, kí ẹ má sì mọ̀.

Ó lé ní ogún ọdún tí Stenberg fi ń ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ní 2019 ni ilé-iṣẹ́ kan gbà á, tí curl wá di iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ilé ni ó ti ń ṣe é.

Kí ni ó ń ṣe? Ẹ má rò pé ètò tuntun ni ó ń kọ ṣáá. Lẹ́tà ń bẹ láti kà. Ẹnì kan lè kọ̀wé láti òkèèrè pé curl kò dáhùn dáadáa. Stenberg yóò gbìyànjú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí àbùkù náà. Yóò wá ìlà tí ó ti ṣẹ̀ wá, yóò tún un kọ, yóò sì kọ ìdánwò tì í, kí àbùkù kan náà má baà padà wọlé. (Àwa tíṣà mọ̀ ọ́n: ó jọ mímáàkì ìwé, tí kì í tán.) Lẹ́yìn náà yóò gbé e síta kí àwọn mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó bá ní àtúnṣe náà lè mú tirẹ̀ wá, bí ìgbà tí a bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn tí ó ti ran curl lọ́wọ́ lé ní 3,000.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀wẹ̀ ti pọ̀ tó, olóko ni yóò dúró ti oko. Ní 2020 Stenberg fúnra rẹ̀ kọ ìlà kan tí kò tọ́. Bí orúkọ tí a fún curl bá gùn jù, ó lè rọ ọ́ sínú àyè tí kò gbà á, bí ẹni da omi korobá sínú igbá kékeré. Ibi tí ó ti ṣàn kọjá yìí ni oníṣẹ́ ibi lè gbà wọnú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ó ju ọdún mẹ́ta lọ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ẹni tí ó rí i kò pariwo. Ó sọ fún àwọn olùtọ́jú ní ìkọ̀kọ̀, nítorí kò yẹ kí olè gbọ́ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ kí a tó tì í. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹwàá 2023 ni àtúnṣe jáde. Stenberg kọ ọ́ ní gbangba pé ọwọ́ òun ni àṣìṣe náà ti wá. Wọ́n sì fún ẹni tí ó rí i ní dọ́là 4,660.

Owó ẹ̀san bẹ́ẹ̀ tún fa wàhálà. Àwọn kan ń ní kí ẹ̀rọ tí ń kọ̀wé bí ènìyàn kọ àbùkù irọ́ fún wọn, wọ́n ń fi í ránṣẹ́. Olùtọ́jú ní láti ka gbogbo rẹ̀, nítorí òótọ́ lè wà láàárín irọ́. Ó sú wọn. Ní òpin Oṣù Kínní 2026, wọ́n dáwọ́ owó náà dúró.

Ẹni tí ó bá lo curl kò san nǹkan kan, àfi kí ó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ tì í, tòun ti orúkọ Stenberg. Bẹ́ẹ̀ ni àdírẹ́sì rẹ̀ ṣe ń hàn lójú ẹ̀rọ inú mọ́tò. Àwọn onímọ́tò ń rí i, wọ́n sì ń kọ̀wé sí i pé ẹ̀rọ tí ń júwe ọ̀nà fún àwọn kò ṣiṣẹ́, kí ló dé? Kò fojú kan mọ́tò náà rí, kò sì lè tún un ṣe.