Bí ibà Lassa ṣe ń yọ́ wọlé sára
Gààrí tí eku tọ̀ sí lè kó ibà Lassa ran ará ilé, ní Òmù-Àrán o, ní Èsìẹ́ o. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, lọ́dún 1969.

Sẹ́ẹ̀lì ara ní ọlọ́dẹ tirẹ̀. Tí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé tó ń pọ̀ sí i, RNA olókùn méjì tó ń hù nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ni ọlọ́dẹ máa ń rí tí á fi ké “olè!” Ti Lassa gbọ́n jù: ó ní purotéènì tó ń jẹ RNA yẹn, bí olè tó ń pa ipa ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rẹ́. Kí ara tó ta gìrì, ó ti pọ̀.

Láàrin ọjọ́ 2 sí 21, ara á gbóná bíi ti máléríà. Tí oògùn máléríà ò bá gbé e lọ, ẹ gbé aláìsàn lọ sọ́sibítù kíá.