Àìdára àmì tẹlifíṣàn sátẹ́láìtì ní Ìbàdàn àtijọ́

Àìdára àmì tẹlifíṣàn sátẹ́láìtì ni ipò tí àmì tó ń ti ojú ọ̀run wá kò ti lágbára tó, tàbí tí kò mọ́ tó, kí dékódà lè sọ ọ́ di àwòrán àti ohùn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, àwòrán a máa gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, a máa dúró sójú kan, tàbí kí ojú tẹlifíṣàn ṣókùnkùn pẹ̀lú àkọlé pé kò sí àmì. Ní Ìbàdàn àtijọ́, ìyẹn ní àwọn àdúgbò bí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrúnkà, ìṣòro yìí ní àbùdá tirẹ̀, nítorí pé ilé fara mọ́ra, òrùlé páànù pọ̀, ẹbí púpọ̀ sì lè máa gbé inú agboolé kan.

Owó oṣù tí oníbàárà ti san kì í dúró de àmì. Ọjọ́ tí àwòrán kò sí ń kà mọ́ ọjọ́ tó wà. Ìdí nìyí tó fi ṣe pàtàkì láti mọ ibi tí àléébù wà kí ẹnikẹ́ni tó pe oníṣẹ́ tàbí kí ó tó gun òrùlé. Ìbéèrè tó ṣáájú ni pé: ṣé dékódà kan ṣoṣo ni àmì kò dé, àbí gbogbo agboolé?

## Ìtàn ní ṣókí

Ìlú Ìbàdàn ni tẹlifíṣàn ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni Western Nigeria Television (WNTV), tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba ẹkùn náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orí òkè Mápó ni wọ́n gbé ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ ìtàtagbà rẹ̀ sí. Àmì ti ìgbà náà ń gba orí ilẹ̀ kọjá ni: láti orí òpó gíga sí eríà tó wà lórí òrùlé. Òkè, ilé gíga àti ọ̀nà jíjìn lè dí i lọ́wọ́.

Tẹlifíṣàn sátẹ́láìtì yàtọ̀ sí èyí. Ọdún 1995 ni MultiChoice bẹ̀rẹ̀ DStv, èyí tó tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Àwọn díìṣì DStv ní Nàìjíríà máa ń kọjú sí ipò dígírì 36 ní ìlà-oòrùn, níbi tí sátẹ́láìtì Eutelsat 36B, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2009, ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni wọ́n fi Eutelsat 36D ránṣẹ́ láti rọ́pò rẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn bíi GOtv kì í lo sátẹ́láìtì láti dé inú ilé. Orí ilẹ̀ ni àmì tiwọn ń gbà wá, eríà kékeré sì ni wọ́n ń lò. Nítorí náà, àlàyé tó wà ní ìsàlẹ̀ yìí lórí òjò àti ìkọjúsí díìṣì kò bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mu.

## Bí àmì ṣe ń dé inú ilé

Sátẹ́láìtì tẹlifíṣàn wà ní nǹkan bíi kìlómítà 35,786 sókè ìlà agbedeméjì ayé. Ní ibi gíga yìí, àkókò tí ó fi ń yí ayé ká bá àkókò tí ayé fi ń yí lórí ara rẹ̀ dọ́gba, èyí tó mú kí ó dà bí ohun tó dúró sójú kan lójú ọ̀run. Ìdí nìyí tí díìṣì inú ilé kò fi nílò láti máa yí.

Àmì náà máa ń wá lórí ìgbì tó wà láàrín 10.7 sí 12.75 GHz, èyí tí wọ́n ń pè ní Ku. Díìṣì a kó o jọ sójú kan, níbi tí ẹ̀rọ kékeré tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní LNB wà. LNB a mú kí àmì náà lágbára sí i, a sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìwọ̀n 950 sí 2150 MHz, kí ó lè gba inú wáyà dé ìdí dékódà.

Wáyà kan náà ni dékódà fi ń gbé iná lọ sókè fún LNB. Fóltì 13 ni ó ń fi ránṣẹ́ nígbà tí ó bá fẹ́ ìgbì tó wà ní ìdúró, fóltì 18 sì ni nígbà tí ó bá fẹ́ ìgbì tó wà ní ìdùbúlẹ̀. Nítorí náà, bí wáyà bá bàjẹ́, kì í ṣe àmì tó ń bọ̀ nìkan ni yóò dí, yóò tún dí iná tó ń lọ.

Láti Ìbàdàn, ìhà ìlà-oòrùn ni díìṣì tó ń wá ipò dígírì 36 gbọ́dọ̀ kọjú sí, kí ó yà díẹ̀ sí gúúsù, ní nǹkan bíi dígírì 102 lórí kọ́ńpáàsì. Ìwò rẹ̀ sókè jẹ́ nǹkan bíi dígírì 52. Ọ̀pọ̀ díìṣì kékeré ni wọ́n ṣe lọ́nà tí LNB rẹ̀ fi wà nísàlẹ̀ àárín. Irú díìṣì yìí máa ń dà bí ẹni tó nàró ju bí ó ti ń wòkè lọ. Ẹni tó bá rí i lè rò pé òrùlé aládùúgbò ni ó ń wò, bẹ́ẹ̀ òkè réré ni ojú rẹ̀ wà.

## Ohun tí ojú ẹ̀rọ ń sọ

Ọ̀pọ̀ dékódà ní ojú-ewé tí ìwọ̀n méjì ti máa ń hàn. Èkíní, tí wọ́n ń kọ sí Signal Strength, ń sọ bí agbára tó ń dé ìdí dékódà ṣe pọ̀ tó. Èkejì, tí wọ́n ń kọ sí Signal Quality, ń sọ bí àmì náà ṣe mọ́ tó. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà:

* Agbára wà, mímọ́ kò sí: LNB ń ṣiṣẹ́, wáyà sì so, ṣùgbọ́n díìṣì kò wo sátẹ́láìtì tó yẹ mọ́, tàbí nǹkan ti dí i lójú.
* Méjèèjì kò sí rárá: wáyà ti já, LNB ti kú, tàbí dékódà kò gbé iná sókè mọ́.
* Méjèèjì wà ṣùgbọ́n wọ́n kéré: díìṣì ti yẹ̀ díẹ̀, omi ti wọ ojú ìsopọ̀, tàbí òjò ń rọ̀.
* Àwọn ìkànnì kan wà, àwọn kan kò sí: ó ṣeé ṣe kí ìgbì ìdúró tàbí ti ìdùbúlẹ̀ nìkan ni kò wọlé. LNB tàbí iná tó ń lọ bá a ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí.

Lórí dékódà DStv, àkọlé E48-32 jẹ mọ́ àìsí àmì, nígbà tí E16 jẹ mọ́ ìforúkọsílẹ̀ àti owó. Kò sí iye ìgbà tí oníṣẹ́ lè yí díìṣì tí yóò fi yanjú E16.

Ohun kan tún wà tó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Nígbà àtijọ́, bí àmì bá ń dínkù, àwòrán a máa hó bí ẹni pé yìnyín ń bọ́ lójú rẹ̀, èyí sì jẹ́ ìkìlọ̀. Àmì ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán yóò mọ́ kedere títí tí àmì yóò fi lọ sílẹ̀ kọjá ìwọ̀n kan, lẹ́yìn náà ni yóò pòórá lójijì. Nítorí náà, àléébù tó farahàn ní òní lè ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn.

## Àwọn okùnfà

### Òjò

Ìgbì Ku kúrú. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀ lọ. Ẹ̀kán òjò ńlá a máa gba lára agbára rẹ̀, a sì máa tú u ká. Ní ilẹ̀ olóoru bíi ti Ìbàdàn, òjò lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi gíga tó tó kìlómítà márùn-ún, àmì tó ń bọ̀ ní ìwò dígírì 52 yóò sì la bíi kìlómítà mẹ́fà nínú rẹ̀ kọjá.

Èyí ló fa ohun tí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ti rí: àwòrán a lọ kí òjò tó kan páànù. Ìhà ìlà-oòrùn ni ìjì òjò ńlá sábà máa ń gbà wọ ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ìhà kan náà sì ni díìṣì ń wò. Òjò tó ṣì wà ní kìlómítà mẹ́ta sí ìlà-oòrùn Ọjà'ba ti wà lójú ọ̀nà àmì. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò tún ṣe nígbà yìí ju kí ó dúró. Ẹni tó bá yí díìṣì nínú òjò yóò bá a níbi tí kò yẹ nígbà tí òjò bá dá. Ṣùgbọ́n bí òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bá ń mú àwòrán lọ, a jẹ́ pé àmì ti kéré ṣáájú òjò.

### Ohun tó dí díìṣì lójú

Ní àdúgbò tí ilé ti fara mọ́ra, ilé aládùúgbò ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń fẹ̀sùn kàn. Ìṣirò kò fi bẹ́ẹ̀ gbè wọ́n. Ní ìwò dígírì 52, ògiri tó wà ní mítà márùn-ún sí iwájú díìṣì gbọ́dọ̀ fi ju mítà mẹ́fà lọ ga ju díìṣì náà kí ó tó lè dí i. Òkè Mápó pàápàá, tó lè yọ eríà ilẹ̀ lẹ́nu, kò ga tó láti dí díìṣì ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ohun tó súnmọ́ díìṣì gan-an ló léwu: etí páànù tó yọ sórí díìṣì tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri, ẹ̀ka igi tó dàgbà, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun tí wọ́n kọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé. Díìṣì tó wà nínú àgbàlá àárín agboolé, tí ògiri yí ká, ló sábà máa ń ní irú ìṣòro yìí.

### Yíyẹ̀ díìṣì

Fún díìṣì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80 sí 90, kí ó yẹ̀ ní dígírì kan péré lè dín agbára àmì kù sí ìdajì. Ní ibi tí sátẹ́láìtì wà, dígírì kan náà ju kìlómítà 600 lọ. Atẹ́gùn, páànù tó ń mì, bóòtì tó ti dípẹtà, àti ọmọdé tó ń gba bọ́ọ̀lù nínú àgbàlá lè fa èyí.

### Wáyà àti ojú ìsopọ̀

Wáyà tó ń so díìṣì mọ́ dékódà ní okùn bàbà láàrín, àwọ̀n irin sì yí i ká. Bí irun kan lára àwọ̀n náà bá kan okùn àárín, iná yóò pa pọ̀, LNB kò sì ní rí iná gbà. Wáyà tí wọ́n lọ́ pọ̀ tí wọ́n sì fi ọ̀rá wé máa ń ṣiṣẹ́ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, omi a wọ inú rẹ̀, bàbà a sì dípẹtà. Eku a máa jẹ wáyà nínú àjà, agbọ́n a sì máa kọ́lé sójú LNB.

### Pípín àmì láàrín agboolé

Ó wọ́pọ̀ kí yàrá méjì tàbí mẹ́ta lo díìṣì kan. Bí ó bá jẹ́ LNB olójú kan ni wọ́n fi apín-wáyà lásán pín, ìjà yóò wà. Bí ìyá kan bá yí sí ìkànnì tó nílò fóltì 18 nígbà tí ọmọ rẹ̀ ní yàrá kejì ń wo èyí tó nílò fóltì 13, fóltì tó ga jù ni LNB sábà máa ń tẹ̀lé. Àwòrán ọmọ yóò sì lọ. Kò sí dékódà tó bàjẹ́ nínú méjèèjì. Àtúnṣe rẹ̀ ni LNB tó ní ojú-ìjáde tó pọ̀, kí dékódà kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀.

### Iná àti oòrùn

Iná mànàmáná tó lọ sílẹ̀ jù tàbí tó dé lójijì pẹ̀lú agbára lè ba ibi tí dékódà ti ń pèsè fóltì fún LNB jẹ́. Dékódà náà yóò tàn, ṣùgbọ́n ìkànnì ìdùbúlẹ̀ lè má wọlé.

Oòrùn pẹ̀lú máa ń kọjá lẹ́yìn sátẹ́láìtì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, a sì máa fi ariwo tirẹ̀ bo àmì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Fún ipò dígírì 36, èyí ń ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní àárín Oṣù Kẹta àti apá ìparí Oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Yóò lọ fúnra rẹ̀.

## Ìtòlẹ́sẹẹsẹ àyẹ̀wò

Àyẹ̀wò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn lọ sí ibi tó le, láti inú yàrá lọ sí òrùlé:

1. Bíbi àwọn aládùúgbò tó ń lo iṣẹ́ kan náà léèrè. Bí àmì tiwọn náà bá ti lọ, òjò tàbí ilé-iṣẹ́ ni okùnfà.
2. Kíka àkọlé ojú tẹlifíṣàn, láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ owó ni tàbí ọ̀rọ̀ àmì.
3. Pípa dékódà, yíyọ ọ́ kúrò lára iná, títú wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí wọ́n sì tún un dè.
4. Wíwo ìwọ̀n agbára àti ti mímọ́, pẹ̀lú kíkọ wọ́n sílẹ̀.
5. Gbígbé dékódà lọ sí ìdí wáyà aládùúgbò. Bí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ara dékódà dá. Ìṣòro wà nínú wáyà, LNB tàbí díìṣì. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kò sí ìdí láti gun òrùlé.
6. Yíyọ apín-wáyà kúrò, kí dékódà kan ṣoṣo wà lórí LNB.
7. Láti ilẹ̀, wíwò bóyá díìṣì ti yẹ̀ tàbí nǹkan ti dí i.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan oníṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ìwọn-àmì. Ìgbésẹ̀ karùn-ún ló ń fi owó pamọ́ jù lọ, agboolé Ìbàdàn sì mú un rọrùn, nítorí díìṣì mìíràn kì í jìnnà.

## Ààbò

Páànù tó ti dípẹtà lè já lábẹ́ ẹsẹ̀, páànù tó tutù a máa yọ̀, wáyà iná sì máa ń kọjá nítòsí òrùlé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò àtijọ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gun òrùlé nígbà òjò tàbí lójú ìjì. Bí àrá bá ń sán, kí wọ́n yọ dékódà kúrò lára iná, kí wọ́n sì tú wáyà díìṣì kúrò lẹ́yìn rẹ̀ kí ìjì tó súnmọ́ tòsí.