Oloibiri, Ìyá Kànga Epo Rọ̀bì Nàìjíríà

Kì í ṣe Oloibiri ni wíwá epo rọ̀bì ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní 1908 ni ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation kó irin ìlulẹ̀ wá sí agbègbè Aráròmí, ní apá Òkìtìpupa, níbi tí ọ̀dà dúdú ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀, wọ́n sì ń gbẹ́lẹ̀ kiri títí ogun 1914 fi bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ó di 1938 kí ìjọba amúnisìn tó fún ilé iṣẹ́ Shell D'Arcy ní àṣẹ, láìsí abánidíje, láti wá epo jákèjádò Nàìjíríà. Ogun àgbáyé kejì tún dí wọn lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́, kànga tí wọ́n gbẹ́ ní Iho, lẹ́bàá Òwèrrì, ní 1951, kò mú nǹkan kan jáde.

Onísùúrù ní í fún wàrà kìnìún. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1956, ní Otuabagi tí ó múlé ti Oloibiri, láàárín àwọn ará Ogbia, ọmọ olómi tí ń fi àwọ̀n àti oko ṣayé, nínú irà tí ń gbé ẹsẹ̀ mì, a gbẹ́ kànga tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12,008, epo tí ó ti ń gbé inú òkùnkùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀ sì jáde sójú ayé. Kòkó ni ó ń jọba ní ilẹ̀ Yorùbá lọ́dún náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí owó rẹ̀ gbé ró kò tíì ju ọdún kan lọ, ẹni tí ó bá sì wí pé epo inú irà ni yóò gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, aláṣejù ni à bá pè é.

Ní oṣù Èrèlé 1958 ni ọkọ̀ kọ́kọ́ kó epo wa lọ sókè òkun. Àgbá 5,100 ni à ń rí lójúmọ́ nígbà náà. Nígbà tí yóò fi di 1974, ó ti ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ṣùgbọ́n Oloibiri fúnra rẹ̀ kò rí ogún ọrọ̀ tí ó bí. Kò pẹ́ ju nǹkan bí ogún ọdún lọ tí wọ́n fi ti kànga rẹ̀ pa. Owó rẹ̀ ti lọ kọ́ afárá àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga síbòmíràn, nígbà tí àwọn tí ó ni ilẹ̀ ṣì ń wá omi mímu. Ìwà àìtọ́ gbáà ni, gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn gbogbo wa tí a jẹ nínú rẹ̀. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Bayelsa, tí a dá sílẹ̀ ní 1996, ni ìlú náà wà báyìí.