Àlàfo Kílọ́ọ̀ṣì àti Ilé Irin Tí Ó Bò Ó

Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ti wọ ọkọ̀ akẹ́rù láti Ṣakí sí Ìsẹ́yìn, tí iṣu àti èédú kún inú rẹ̀, lè ti gbọ́ òórùn ìjóná kan rí bí ọkọ̀ ti ń pọ́n òkè. Àwọn èrò a máa rò pé táyà ni. Ní ìgbà púpọ̀, kílọ́ọ̀ṣì ni. A fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó ń fà á, kí a sì fi hàn pé ohun méjì ni ó ń dáàbò bo awakọ̀: àlàfo tí a wọ̀n dáadáa, àti ilé irin tí ó lágbára. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Kílọ́ọ̀ṣì ni ó ń so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ jíà, òun náà ni ó sì ń yà wọ́n. Àwo irin wúwo kan ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Sípíríǹgì tẹ àwo mìíràn mọ́ ọn típẹ́típẹ́, wọ́n sì ń yí pọ̀. Bí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, wọn yóò já ara wọn sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí ó ń lo wáyà tàbí ọ̀pá irin, irin tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn lófìfo díẹ̀, bí íńṣì kan nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí ni àlàfo. Bí kò bá sí, àwo kò ní lẹ̀ mọ́ra tán; yóò máa yọ̀, yóò gbóná, yóò sì jó. Bí ó bá pọ̀ jù, àwo kò ní já ara wọn sílẹ̀ tán, jíà yóò sì máa ké. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn mọ irú ọ̀rọ̀ yìí: òwú tí a fà jù a já, èyí tí ó dẹ̀ jù a ba aṣọ jẹ́. Bí àwo sì ti ń jẹ lọ ni àlàfo ń kéré sí i. Nítorí náà a kò lè wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan kí a sì gbàgbé.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti hàn kedere ni eré ìje ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọkọ̀ méjì ti ń du ọ̀nà títọ́ kúkúrú. Àwọn tí ó yára jù nínú wọn ní agbára tí ó ju ti ẹṣin 10,000 lọ. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ ń tú kílọ́ọ̀ṣì wọn palẹ̀, wọ́n sì ń ṣètò rẹ̀ ní ọ̀tun.

Kí ni ìdí tí wọ́n tún fi ń fi irin bò ó? Ẹ rántí ọmọ tí ó ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ nínú oko ọkà bàbà. Bí ó bá fì í ní ìlọ́po méjì ìyára, òkúta yóò fa okùn ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́ta, fífà náà yóò di mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ ni àwo irin tí ń yí. Bí ó bá sán níbì kan, ó lè fọ́, kí èéfọ́ rẹ̀ sì fò bí ọta ìbọn sí ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà. Nítorí náà, òfin National Hot Rod Association, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1951, sọ pé ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì tí ó bá lè sáré ìdámẹ́rin máìlì ní ìṣẹ́jú-àáyá 11.49 tàbí kí ó yá jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ilé irin tí ó bá ìlànà SFI Foundation mu. A kò sì gbọdọ̀ ha irin náà tín-ín-rín kí ọkọ̀ lè fúyẹ́.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, 1970, ní Lions Drag Strip ní California, àpótí jíà ọkọ̀ Don Garlits fọ́ túútúú, ó sì gé apá kan ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Jíà ni, kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ní 1971 ó padà pẹ̀lú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e.

Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Àlàfo ń dènà ewu. Ilé irin ń gba ewu mọ́ra nígbà tí ó bá ti dé. Ní àwọn ọjà wa, bẹ́líìtì ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìlọta ń yí láìsí ohun tí ó bò ó, àwọn ọmọ a sì máa dúró tì í. Àwa tí a ó di olùkọ́ ni ó yẹ kí a kọ́ wọn láti kọ́kọ́ bèèrè pé: kí ni ó wà láàárín èmi àti ohun tí ń yí yìí?