Ọ̀bọ Lẹ́kí Kò Tọrọ Bisikíìtì

Kí àlejò tó rí ọ̀bọ ní ọgbà ìdáàbòbò ẹranko tó wà ní Lẹ́kí, ọ̀bọ ti rí i. Wọ́n jókòó nítòsí ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ojú. Ìyá kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì. Kò tíì sanwó ọkọ̀ tán tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀bọ náà fi já bisikíìtì gbà lọ́wọ́ èyí àbúrò, ó di orí igi. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àyàfi ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ mú wa wọlé.

"Àlejò ló kọ́ ọ lólè, mà," ó wí fún ìyá náà. "Ẹ kó ìyókù sínú báàgì, kí ẹ sì fa síìpù rẹ̀."

Nigerian Conservation Foundation ló dá ọgbà yìí sílẹ̀ ní 1990. Hẹ́kítà 78 ni, ilé àti títì sì ti ká a mọ́ báyìí. Ẹranko tó bá sá jáde níbẹ̀, àárín mọ́tò ló ń lọ.

Pákó ni wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà, wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀ kí omi àbàtà lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá rò pé torí bàtà òun ni wọ́n ṣe é kò wo ìsàlẹ̀ dáadáa. Gbòǹgbò ògùrọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀, àti ẹrẹ̀ rírọ̀ tí ẹsẹ̀ èrò ìbá ti tẹ̀ di líle.

Níwájú díẹ̀, awọ́nríwọ́n kan nà gbalaja, ó ń yáàrùn. Ọ̀gbẹ́ni kan fẹ́ kó rìn kí òun lè ya fídíò, ló bá bẹ̀rẹ̀, ó mú igi. "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí. Òótọ́ ló sọ. Irú ẹranko bẹ́ẹ̀ kò ní ooru tirẹ̀ nínú ara bíi tiwa. Ara oòrùn ló ti ń rí agbára tó fi ń sáré, tó sì fi ń da oúnjẹ. Bí a bá lé e bọ́ sínú omi láàárọ̀, a ti fi ohun tó jókòó kó jọ ṣòfò.

Afárá orí igi wà níbẹ̀ náà, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Ó ń mì, àwọn èèyàn ń pariwo, wọ́n ń ya fọ́tò. Torí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe ń wá; ní tèmi, ọ̀bọ ló wù mí jù.

Móná ni wọ́n ń pè wọ́n. Àmì funfun méjì wà lára wọn, ọ̀kan lápá ọ̀tún ìrù, ọ̀kan lápá òsì. Àpò wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tí wọ́n ń kó èso sí kí wọ́n tó lọ jẹ ẹ́ níbòmíràn, ibẹ̀ sì ni kóró ti ń bọ́ sílẹ̀, tí igi tuntun fi ń hù. Èyí tó bá ti gbójú lé bisikíìtì kò ní wá èso kiri mọ́. Bó pẹ́ bó yá, yóò já nǹkan gbà, yóò bu ọmọdé jẹ, àwa kan náà yóò sì ní kí wọ́n pa á. Àìsàn tún ń ti ara wa ràn wọ́n, ó ń ti ara wọn ràn wá. Àánú wọn tó ń ṣe wá kò tilẹ̀ nídìí: ọkọ̀ òwò ẹrú kó irú wọn dé erékùṣù Grenada láyé ọjọ́un, wọ́n sì wà nínú igbó òkè níbẹ̀ dòní. Ta ló ń fún wọn ní bisikíìtì?

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọ̀gbẹ́ni onífídíò ń ráhùn pé òun sanwó, òun ò rí ọ̀nì kankan.

"Ọ̀nà lẹ sanwó rẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ni ọ̀dọ́kùnrin náà fèsì. "Ẹ ò sanwó ọ̀nì."

Ọ̀gbẹ́ni náà kùn títí a fi dé géètì.