Nígbà Tí Àyà Ọmọ Bá Ń Já

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́,

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, inú á máa run ọmọ. Tí ọkọ̀ iléèwé bá ti lọ tán, ara á yá gágá, á ní kí ẹ fún òun lóúnjẹ. Ọ̀pọ̀ wa á ní irọ́ ló ń pa. Kì í ṣe irọ́. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ńṣe ni ara máa ń múra láti sá tàbí láti jà: àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á làágùn, inú á máa lọ́. Bó ṣe ń ṣe àgbà náà ló ń ṣe ọmọdé, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà kì í mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ọkàn òun ò balẹ̀. Inú tó ń run ún ló mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibà ni. Tí kò bá sí ibà, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ iléèwé nìkan ló ń ṣe é, ẹ wádìí. Ó lè jẹ́ ọmọ kan ló ń gba oúnjẹ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìjà bàbá àti ìyá tó gbọ́ lóru, tàbí ikú màmá àgbà tí ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé fún un. A máa ń rò pé ọmọdé ò gbọ́. Wọ́n ń gbọ́.

Ẹ má bi í lójú gbogbo ará ilé. Ẹ pè é kó wá bá yín ṣa ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ máa ń yá ọmọ lẹ́nu nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá tẹjú mọ́ ọn. Tó bá sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, ẹ má ní "Ṣé ìyẹn náà ni?" Ẹ ní, "Mo gbọ́. Ẹ̀rù ti ba èmi náà rí." Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó gbọ́wọ́ lé ikùn, kó fa èémí símú jẹ́jẹ́, kó wá rọra fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná.

Bí ẹnì kan bá ń fìyà jẹ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ bá iléèwé yanjú ìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí àánú mú yín fi í sílé lójoojúmọ́. Ara á tù ú lónìí, ẹ̀rù á le sí i lọ́la. Ẹ sìn ín dé ẹnu kíláàsì. Nígbà tó bá yá, ẹ sìn ín dé géètì nìkan.

Ọmọ tó ti ṣíwọ́ títọ̀ sílé tó tún wá bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Ìtìjú máa ń dá kún ìpayà ni.

Tí kò bá sùn, tí kò jẹun, tí ọ̀rọ̀ náà sì ti wọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín. Tó bá ní ó sàn kí òun kú, ẹ má fi ṣeré rárá. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ síbẹ̀. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ọkàn ọmọdé wà ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn. Ẹ mú káàdì ìwòsàn rẹ̀ dání, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ tẹnu rẹ̀.