Ṣé èèyàn lè kàn dìde kó fẹsẹ̀ rin ìrìnàjò mímọ́ 780 kìlómítà? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa Camino ilẹ̀ Sípéènì

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ọkàn òun ń sọ fún òun pé kí òun fẹsẹ̀ rìn láti Èkó dé Àbújá. Kò mọ ibi tó máa sùn lálẹ́. Kò fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn rí. Ó kàn gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó di ojú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa sọ pé kí wọ́n tètè pe àwọn ẹbí onítọ̀hún.

Àmọ́ ní àríwá ilẹ̀ Sípéènì, irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń rìn ni wọ́n ń pè ní Camino de Santiago, ìyẹn ọ̀nà Jákọ́bù Mímọ́. Ẹ̀ka rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Faransé, gùn tó nǹkan bíi 780 kìlómítà. Ẹni tó bá ń rìn ín láìsinmi púpọ̀ máa lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún. Lọ́dún 2024, èèyàn 499,239 ló gba ìwé ẹ̀rí pé àwọn rin Camino dé ìlú Santiago de Compostela.

Láàárín àwọn tó ń rìn ín, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn: "Camino á pèsè." Ìyẹn ni pé kéèyàn má da ara ẹ̀ láàmú, ohun gbogbo tó bá nílò, ọ̀nà á fún un. Lójú àwa Yorùbá, kò yàtọ̀ sí "Olúwa á pèsè" tí a máa ń sọ. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: ṣé òótọ́ ni? Ìdáhùn wa ni pé òótọ́ ni dé àyè kan. Àwọn ibì kan wà tí ọ̀nà yìí ti máa ń bo àṣírí ẹni tí kò múra sílẹ̀, àwọn ibì kan sì wà tí kò ní bò ó rárá. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì ló máa padà wálé ní àlàáfíà.

Kí ni Jákọ́bù ń wá ní Sípéènì?

Jákọ́bù tí wọ́n ń sọ yìí ni ọmọ Sébédè, ọ̀kan nínú àwọn àpọ́sítélì Jésù Kristi. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ pé Ọba Hẹ́rọ́dù ló fi idà pa á. Ohun tí ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ìjọ Àgùdà wá sọ ni pé wọ́n gbé òkú ẹ̀ lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn àríwá Sípéènì, àti pé láàárín ọdún 800 sí 900 ni wọ́n rí sàréè náà. Orí ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí, èyí tó ti di kàtídírà ńlá lónìí.

Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Wọ́n máa ń so ìkarahun mọ́ báàgì tàbí aṣọ wọn, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé arìnrìnàjò mímọ́ ni wọ́n. Kì í sì í ṣe onígbàgbọ́ nìkan ló ń lọ mọ́ o. Àwọn kan ń lọ nítorí ọ̀fọ̀, àwọn kan nítorí pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn mìíràn kàn fẹ́ ronú ni.

Ibi tí ọ̀nà náà ti máa ń bo àṣírí èèyàn

Àkọ́kọ́ ni pé ó ṣòro kéèyàn ṣìnà. Láti àwọn ọdún 1980 sí 1989 ni fadá kan tó ń jẹ́ Elías Valiña Sampedro, tó ń ṣiṣẹ́ ní abúlé O Cebreiro, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà yẹ́lò ya àmì ọfà sójú ọ̀nà. Lónìí, ọfà yẹ́lò wà lára ògiri, lára igi, lórí òkúta àti lórí ọ̀dà títì. Ẹni tí kò gbé àwòrán ilẹ̀ dání, tí fóònù ẹ̀ sì ti kú, lè máa tẹ̀lé e láti abúlé kan sí èkejì.

Ìkejì ni ibùsùn. Àwọn ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní albergue, tó jẹ́ pé torí àwọn arìnrìnàjò ni wọ́n ṣe kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀dì tó gun orí ara wọn ló kún inú yàrá, àjèjì mẹ́wàá tàbí ogún sì lè jọ sùn síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ kì í gba owó àsansílẹ̀: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló kọ́kọ́ gba bẹ́ẹ̀dì, alẹ́ ọjọ́ kan péré sì ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn. Ó tún ní àwọn tó jẹ́ pé ohun tó bá ti ọkàn yín wá ni ẹ máa jù sínú àpótí. Àmọ́ kéèyàn tó wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní credencial, tí wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ sí níbi tó bá dé. Ìwé yìí náà ló máa fi hàn pé ó rìn tó. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin ó kéré tán 100 kìlómítà, tàbí tó fi kẹ̀kẹ́ rin 200 kìlómítà, ni wọ́n ń fún ní ìwé ẹ̀rí ní Santiago.

Ìkẹta ni àwọn èèyàn. Ẹni tí wọ́n bá pàdé lánàá ló máa yọ abẹ́rẹ́ àti oògùn ẹsẹ̀ fún wọn lónìí. Àwọn tó ń jẹun pọ̀ lálẹ́ lè má gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ wọ́n á jọ máa rẹ́rìn-ín. Ibi tí "Camino á pèsè" ti jẹ́ òótọ́ gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í bo àṣírí

Lọ́dún 2010, fíìmù kan jáde tí wọ́n ń pè ní The Way. Martin Sheen ló ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, ọmọ ẹ̀, Emilio Estevez, ló sì darí ẹ̀. Nínú eré náà, bàbá kan kò múra sílẹ̀ rárá, ó kàn gbé báàgì ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, ó sì rìn dé Santiago. Ọ̀pọ̀ tó wo fíìmù yẹn ló rántí bàbá náà. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni ìdí tó fi gbéra: ọmọ ẹ̀ ti kú lórí òkè Pyrenees nínú ìjì, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìrìnàjò tirẹ̀.

Eré ni o, ṣùgbọ́n òkè yẹn kì í ṣe eré. Ìlú Saint-Jean-Pied-de-Port ní ilẹ̀ Faransé ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlú náà ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi 170 mítà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn gan-an, wọ́n á gun òkè dé ibi tó ga tó nǹkan bíi 1,430 mítà, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí Roncesvalles ní Sípéènì. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ bíi 25 kìlómítà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun àtẹ̀gùn 660 tó wà ní òkè Ìdànrè mọ ohun tí orúnkún yín sọ fún yín lọ́jọ́ náà. Èyí jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Kùrukùru lè bo òkè náà débi pé èèyàn ò ní rí ọfà yẹ́lò kankan mọ́. Yìnyín àti atẹ́gùn líle sì wà nígbà òtútù. Àwọn kan ti sọnù síbẹ̀, àwọn kan sì ti kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ti ọ̀nà orí òkè yẹn pa láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá títí dé ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ẹni tó bá dé lásìkò yẹn gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà Valcarlos tó wà nísàlẹ̀. Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Sípéènì àti Faransé.

Ẹsẹ̀, ẹrù àti omi

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ padà sílé kì í ṣe ẹranko tàbí olè. Ẹsẹ̀ tó lé ròrò ni. Bàtà tuntun, ooru àti òógùn inú ìbọ̀sẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi tí mò ń kọ èyí náà ti fojú ara mi rí i. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn ọmọ ìjọ kan tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí òkè àdúrà, kí n lè gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ìròyìn. Bàtà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún ọdún Àjíǹde ni mo wọ̀. A ò tíì rìn tó kìlómítà mẹ́jọ tí gìgísẹ̀ mi méjèèjì fi lé ròrò. Ọ̀kadà ló gbé mi dé ibi tá à ń lọ. Ìyá àgbà kan tó wọ sálúbàtà rọ́bà ń juwọ́ sí mi bí a ṣe kọjá lára wọn.

Ẹ wá fi ìyẹn wé kìlómítà 24 lójúmọ́, fún odidi oṣù kan. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ ní kéèyàn ti wọ bàtà náà rìn dáadáa nílé kó tó gbéra. Bí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ bọ́ bàtà, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dé abúlé tó kàn ná.

Ní ti ẹrù, òfin tí wọ́n ń lò ni pé kí báàgì má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara èèyàn lọ. Ẹni tó bá wọn 70 kílò, báàgì ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju kílò méje. Ẹni tó kó ẹrù láìrò ó máa dín in kù ní túláàsì: á máa fi aṣọ àti ìwé sílẹ̀ lọ́nà fún ẹni tó bá fẹ́.

Omi wá ńkọ́? Ẹ̀rọ omi pọ̀ ní àwọn abúlé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ "no potable" sára ẹ̀, ẹ má mu ún. Lẹ́yìn ìlú Carrión de los Condes, ẹ máa rin nǹkan bíi kìlómítà 17 kí ẹ tó rí abúlé tó kàn, pápá gbalasa ni ibẹ̀, òjìji ò sì pọ̀. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe òwe mọ́. Kódà, ìwé kan tí wọ́n kọ fún àwọn arìnrìnàjò yìí ní nǹkan bíi 900 ọdún sẹ́yìn ti ń kìlọ̀ nípa odò tó dáa àti odò tó lè pa èèyàn àti ẹṣin.

Pásípọ́ọ̀tù kì í gbọ́ "Camino á pèsè"

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ àwa ti yàtọ̀. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè pinnu lónìí, kó wọ bàálù lọ́la. Ọmọ Yorùbá tó ní ti Nàìjíríà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ Ìbàdàn ló ń gbé tàbí London. Ó gbọ́dọ̀ gba físà Schengen. Físà kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún Faransé àti Sípéènì, ṣùgbọ́n Sípéènì ló yẹ kó ti béèrè fún un, nítorí ibẹ̀ ló ti máa pẹ́ jù.

Ìwé náà gbọ́dọ̀ ti wà níwájú wọn ó kéré tán ọjọ́ 15 kí ìrìnàjò tó bẹ̀rẹ̀, èèyàn sì lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú. Owó ẹ̀ jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà. Wọ́n á béèrè ìwé adójútòfò ìlera tó tó 30,000 yúrò, ẹ̀rí owó, àti ẹ̀rí ibi tí onítọ̀hún máa dé sí. Bí wọ́n bá fún un, ọjọ́ 90 ló pọ̀ jù tó lè lò láàárín ọjọ́ 180. Ní kúkúrú, ẹni tó ní kò sí ètò kankan fún ìrìnàjò òun ò ní rí físà gbà. Àwa ò lè ṣàdédé gbéra, ká tilẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà, kí ni kéèyàn ṣe?

Kò pọn dandan kéèyàn ṣètò gbogbo alẹ́ 33 látòkèdélẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè máa sáré lé ètò kiri dípò kó máa rìn. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin ni kó ti wà ní ṣẹpẹ́ kí ẹ tó gbéra: ìwé ìrìnnà tó pé, bàtà tí ẹsẹ̀ yín ti mọ̀, báàgì tó fúyẹ́, àti ibi tí ẹ máa sùn lálẹ́ ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ohun kan tó tún yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé, bí ọjọ́ 25 oṣù Keje, tó jẹ́ ọjọ́ Jákọ́bù Mímọ́, bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, Ọdún Mímọ́ ni wọ́n ń pe ọdún náà. 2027 ni èyí tó kàn, èrò sì máa ń pọ̀ gan-an nírú ọdún bẹ́ẹ̀.

Ìtìjú kankan kò sí nínú kéèyàn dáwọ́ ìrìn dúró, kó wọ bọ́ọ̀sì, tàbí kó padà wá lọ́dún mìíràn láti parí èyí tó kù. Ọ̀pọ̀ ló ń rìn ín ní ìdajì ìdajì. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, sàréè Jákọ́bù ò sì ní kúrò níbi tó wà.

Tí ìgbàgbọ́ bá ń tì yín lẹ́yìn pé kí ẹ lọ, ẹ lọ. Ẹ fi ibùsùn àti ọ̀rẹ́ ojú ọ̀nà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ yín, omi yín àti ìwé yín, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ bójú tó wọn.